Ìyá Tówẹ̀lì àti Mọ́tò Tí Wọ́n Pààrọ̀ Inú Rẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń yá lára láti dúpẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣe mí lóore, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan ló ń wá lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà mí mọ́ ọlọ́ṣà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Tówẹ̀lì fún yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, gíláàsì ló yí i ká láti ilẹ̀ dókè, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán débi pé èèyàn lè tọ́ ètè níbẹ̀ láìwo dígí. Àwa mẹ́ta là ń tajà níbẹ̀: èmi, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Akọ̀wé nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé, àti obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé náà tán. Ọ̀gá wa wà ní ọ́fíìsì lẹ́yìn gíláàsì mìíràn, níbi tó ti ń wò wá bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Tówẹ̀lì ló ń nu mọ́tò.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó sì ní ikọ́ kékeré kan tí kì í le jù, tí kì í sì í parí. Tówẹ̀lì mẹ́fà ló máa ń wà léjìká àti níbàdí rẹ̀: funfun fún gíláàsì, búlúù fún ìjókòó, pupa fún táyà, àwọn yòókù ní iṣẹ́ tiwọn. Lọ́jọ́ kan mo fa búlúù yọ, mo fi nu bàtà mi. Kò bá mi jà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi.

Mo ní, "Màmá, bàtà ni mo fi nù, kì í ṣe ìgbẹ́ ajá."

Ó ní, "Aṣọ olówó iyebíye ni àwọn èèyàn máa ń wọ̀ wá jókòó síbi tí mo bá fi èyí nù. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé bàtà ẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀?"

Mo wá àlàyé bíi márùn-ún ṣe fún un. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, "Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́." Látọjọ́ náà, Ẹlẹ́jọ́ ló ń pè mí.

Kí n má parọ́ fún yín, mi ò kà á sí nígbà yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń nu ilẹ̀kùn mọ́tò kan nígbà tí mo mú oníbàárà wá síbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ yẹra jàre, ẹ ń dí wa lọ́wọ́." Ó yẹra. Oníbàárà yẹn wò mí, ó wo Màmá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá ni mo di ẹ̀bi yẹn rù nínú ọkàn mi fún odidi oṣù kan.

Mọ́tò tí à ń tà yìí, kì í mu epo rárá. Iná mànàmáná ló ń lò, wọ́n máa ń ṣáàjì rẹ̀ bí ẹni ń ṣáàjì fóònù. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó ṣáájú, awọ gidi ló wà lórí ìjókòó rẹ̀, pákó dídán ló sì wà níwájú awakọ̀. Ká tó ṣẹ́jú, a ti tà á tán. Lọ́dún yìí, àwọn tó ń ṣe é pààrọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n yọ awọ kúrò, wọ́n fi aṣọ híhun rọ́pò rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ike omi ṣe, àwọn ike tí èèyàn ti mu omi inú ẹ̀ tó jù nù. Wọ́n yọ pákó náà, wọ́n fi koríko tí wọ́n fún pọ̀ títí tó fi le sí ipò rẹ̀. Ìta mọ́tò náà ò yí padà rárá. Bí o bá dúró lókèèrè, o ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Mẹ́fà ni wọ́n kó fún wa. Kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó, Ọ̀gá pè wá jọ. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ awọ. Ẹ kàn máa sọ pé tuntun ni. Àwọn tó ṣe é sì fẹ́ mọ bó ṣe rí lára àwọn oníbàárà, torí náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé." Ó gbé ìwé fẹ̀ǹtẹ̀ kan fún Akọ̀wé.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá ni ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìjókòó náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún pa á lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń wá a.

Ó ní, "Ó dára o."

Mo ní, "Ó dára gan-an, sà. Tuntun ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. À ń bọ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó gún: oníbàárà kìíní, ó ní ó dára, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọkọtaya kan wá, ọkọ ní ó dára, ìyàwó ní ó mà dára o, àwọn ń bọ̀. Tíṣà kan wá, òun náà ń bọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ki orí bọ inú mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀, ó yọrí jáde, ó gbàdúrà fún mi, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, "ó ń bọ̀" mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà nínú ìwé Akọ̀wé. Ọ̀gá kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́, ó ní àwọn mẹ́tàléláàádọ́ta ti ṣèlérí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú wa tó máa wo ojú ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, tó rẹ́rìn-ín sí i, tó pè é ní sà, tó máa wá ní "mi ò rà"? Ojú ò ní gbà á. Yóò ní òun ń bọ̀ ni, yóò sì máa lọ. Èmi gan-an máa ń ṣe é fún àwọn tó ń ta bàtà, mo máa ń ṣe é láìronú. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi ẹnu ara wa ṣe lójoojúmọ́, nígbà tó dé inú ìwé, a gbà á gbọ́ bí ẹni tí wọ́n búra fún. Mọ́tò kan ṣoṣo ò sì kúrò nílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, lẹ́tà dé láti olú iléeṣẹ́. Wọ́n ní bí oṣù yẹn bá fi parí tí àwọn mọ́tò náà ò tíì máa tà, olùtajà mẹ́ta ti pọ̀ jù fún gbọ̀ngàn kan, kí ẹni tó dé kẹ́yìn máa lọ. Èmi ni mo dé kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá iṣẹ́ yẹn. Mo ní ọmọ méjì nílé, mo ní ìyá tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, kò sì sí ẹlòmíì tó ń gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó rò pé ara mi ò yá.

Gíláàsì ni gbogbo ilé náà, kò síbi téèyàn lè sunkún sí. Mo bá lọ sínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó gáwá àti ọṣẹ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì sun ún dé ìdajì tí mo gbọ́ ikọ́. Ìyá Tówẹ̀lì jókòó sórí gáwá tó dojú dé, ó ń ká tówẹ̀lì.

Ó ní, "Ẹlẹ́jọ́, ta ló kú?"

Mo ní, "Iṣẹ́ mi ló ń kú lọ, Màmá." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìwé Akọ̀wé wà lọ́wọ́ mi, mo kà á fún un, láti ẹni kìíní dé ẹni kẹtàléláàádọ́ta. Nígbà tí mo dé ogún, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ogójì, ẹ̀rín ti di ikọ́, mo ní láti bá a gbá ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Ààbọ̀ ni wọ́n sọ fún yín, ààbọ̀ náà lẹ sì kọ sílẹ̀. Odidi dà?"

"Ta ló máa wá sọ odidi fún mi, Màmá?"

"Wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́. Etí mi ni wọ́n sọ ọ́ sí."

Ó wá ṣàlàyé. Bí a bá ti mú oníbàárà dé ìdí mọ́tò, tí a sì lọ mú ìwé wá lórí tábìlì, àwọn èèyàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ òótọ́. Òun náà á wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí táyà pẹ̀lú tówẹ̀lì pupa. Kò sẹ́ni tó ka ẹni tó ń nu táyà kún ẹni tó ní etí. Ó ní ọkùnrin báńkì yẹn pe ìyàwó ẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Wọ́n ti yọ awọ ẹ̀ o. Wọ́n rò pé ojú wa fọ́ ni." Ìyàwó tó ní ó mà dára o, ohun tó sọ fún ọkọ ẹ̀ ni pé ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá da nǹkan sí aṣọ yìí, ó parí nìyẹn. Tíṣà ní ó jọ àga ilé ìwòsàn. Bàbá tó gbàdúrà fún mi, òórùn awọ tuntun ló ki orí bọ inú mọ́tò láti lọ gbọ́, kò sì gbọ́ ọ, ló bá ń ráhùn ẹ̀ lábẹ́ ètè. Gbogbo wọn ló wà nínú orí Ìyá Tówẹ̀lì, lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú aṣọ tí kálukú wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo nu ojú mi, mo wá bírò.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi kọ ọ́, ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán, nínú yàrá gáwá yẹn. Ó ní kí n jẹ́ kóun sọ ọ́ kí n máa kọ, torí ọwọ́ òun mọ abẹ́rẹ́ ju bírò lọ. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè pé abẹ́rẹ́ wo. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí fi rán ìjókòó mọ́tò, awọ gidi, kí ó tó di pé ó ń nù ún.

Yàrá gígùn kan nínú iléeṣẹ́ kan ni wọ́n ti ń rán an, ó ní, obìnrin mẹ́rìnlá, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rìnlá. Wọn kì í ṣí fèrèsé, kí eruku má bàa bà lé awọ. Agolo àtẹ̀ ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú, èyí tí wọ́n fi ń lẹ awọ mọ́ fóòmù, ó máa ń ta ni nímú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀ ti wá. Ọkọ ẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, awọ yẹn ló fi tọ́ ọ, awọ ló fi rán an nílé ìwé títí ó fi di nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ra ẹ̀rọ tó ń dá rán an, wọ́n dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Mo bínú nítorí ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán an, ẹ wá di ẹni tó ń nù ún."

Ó ní, "Kí ló dé tó o fi ń gbé ìbínú ẹ rù mí? Mo dúpẹ́ ni tèmi. Ọmọ mi ń bẹ láàyè, ó ń tọ́jú èèyàn. Àwọn kan nínú àwọn mẹ́rìnlá yẹn ò rí iṣẹ́ mìíì títí dòní."

"Nígbà náà, Màmá, ó máa dùn yín pé wọ́n yọ awọ kúrò."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Awọ dára. Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ni nítan. Bí òtútù bá mú, èèyàn á jókòó lé e, á tún dìde. Aṣọ yìí ń mí. Mo ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ti ṣiṣẹ́ jù, ó ti yi, kò mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í parọ́ fúnni." Ó wá wò mí. "Àwọn èèyàn yìí ò kórìíra aṣọ, Ẹlẹ́jọ́. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ẹ ò sọ fún wọn. Ọwọ́ ara wọn ló sọ fún wọn. Tí ọwọ́ oníbàárà bá ti ṣáájú ẹnu yín sọ ọ́, ẹlẹ́tàn ló máa kà yín sí, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ tún máa sọ tó máa gbà gbọ́."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Sọ odidi fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kí o sì jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ta ló ń dúró lórí ìnàró dájọ́ ìjókòó?"

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó wọlé, òun àti ìyàwó ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ tó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì. Kí ọkùnrin náà tó na ọwọ́, mo ní, "Ẹ dákun, sà, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe awọ ni mọ́." Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, ike omi, koríko, gbogbo ẹ̀. Mo ní àwọn kan wà tí kò wù. Mo ní kò ní rùn bíi mọ́tò tuntun.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó wọlé, ó jókòó. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí láti oṣù méjì.

Ìyàwó ẹ̀ ò jókòó. Ó ní, "Àwa ní ọmọ kékeré nílé o. Tó bá da nǹkan sí i ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu èmi. Ìyá Tówẹ̀lì, tó wà nídìí táyà, dìde, ó di orúnkún mú, ó rìn lọ sídìí tábìlì mi, ó gbé ife tíì mi, tíì tí mílíìkì àti ṣúgà wà nínú ẹ̀, ó sì dà á sórí ìjókòó iwájú mọ́tò tuntun náà.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ọ̀gá ṣí.

Màmá ò kánjú. Ó yọ tówẹ̀lì búlúù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, kò fi ra á rárá, ó kàn tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á lábẹ́ ètè títí dé ogún. Ó ká a, ó fi omi sí apá kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó sì sún sẹ́yìn. Ó sọ fún ìyàwó yẹn pé, "Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò ó." Ìyàwó náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Ibẹ̀ tutù díẹ̀, kò sí àbàwọ́n kankan.

Màmá ní, "Ká ní awọ ni, mílíìkì á wọ ojú rírán ẹ̀, á máa rùn títí dọdún tó ń bọ̀. Èmi ni mò ń rán an tẹ́lẹ̀. Mo mọ ibi tí mílíìkì máa ń sá pamọ́ sí."

Ìyàwó náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ẹ̀ ti le, àmọ́ kò lè sọ nǹkan kan níwájú oníbàárà tó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ní, "Màmá mi dà?" A wò yíká. Ìyá arúgbó náà ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra ẹ̀, ó ti jókòó, ó ti gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti sùn lọ.

Ọkùnrin náà rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ìbàdí máa ń ro wọ́n. Mi ò rí i kí wọ́n sùn nínú mọ́tò rí." Kò ní òun ń bọ̀. Ó ní kí n mú ìwé wá.

Nígbà tí oṣù fi máa parí, mẹ́rin ti lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo ẹni tó wọlé ni mo ń sọ odidi fún, gbogbo wọn ni mo sì ń ní kí wọ́n jókòó. Àwọn kan sọ fún mi lójú korokoro pé awọ làwọn fẹ́, wọ́n sì lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn náà. Ọkùnrin báńkì yẹn padà wá nígbà tó gbọ́ pé a ti ń sọ òótọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, a ò kà á sí afọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ fún mi.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Àwọn ìwé tí mo kọ nínú yàrá gáwá, tí mo ti fún un kó fi ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́, wà lórí tábìlì ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ mi dúró, kí n fi ọkàn mi balẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣe mọ́tò náà ka ìwé yìí, wọ́n ní kò tíì sí gbọ̀ngàn kankan tó sọ òótọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n béèrè ẹni tó kó ọ̀rọ̀ náà jọ. "Orúkọ ẹ ni mo kọ sí i," ó ní. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ìyá tó ń nu mọ́tò yẹn, màá wá ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó lè da tíì sí mọ́tò tuntun. Tí kò bá kúrò ńkọ́?"

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí náà, ẹ gbọ́: mo dákẹ́, mo sì pẹ́ nídìí ìdákẹ́jẹ́ náà. Àwọn ọmọ mi wà lójú mi. Iṣẹ́ mi ti dúró, ẹnu mi nìkan ló lè tún bì í ṣubú. Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Tówẹ̀lì láti inú gíláàsì, ó ń ká tówẹ̀lì búlúù sí mẹ́rin, ó ń wúkọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ààbọ̀ lẹ kọ síbẹ̀ o. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Màmá ló gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àwọn ló ní kí n máa sọ òótọ́, àwọn ló ní kí n jẹ́ kí wọ́n jókòó. Èmi kàn ń kọ ọ́ ni."

Ọ̀gá gbé gíláàsì ojú ẹ̀ kúrò. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe ìwọ lo ṣe é, kí ni mo wá ń fi ẹ́ ṣe níbí?"

Mo jáde, mo lọ pe Màmá. Ó wọlé pẹ̀lú gbogbo tówẹ̀lì ẹ̀, ó kí Ọ̀gá, ó dúró. Ọ̀gá bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí mo sọ.

Ó ní, "Ẹnu tèmi ni, ọwọ́ tiẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tẹ́ ẹ bá lé òun lọ, èmi ò lè kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá lé èmi, òun ò lè gbọ́ ọ, torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi."

Ọ̀gá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíì tẹ́ ẹ dà sí mọ́tò ńkọ́? Tí kò bá kúrò ńkọ́?"

Màmá ní, "Mo ti mọ̀ pé ó máa kúrò. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, mo ti kọ́kọ́ dán an wò lára irú ẹ̀ kan náà tí ẹ máa ń gbé lọ sílé. Ìjókòó yín gan-an. Tíì, lẹ́yìn náà, omi ọsàn. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń jókòó lé e. Ṣé ẹ rí nǹkan kan?"

Ọ̀gá yí ọrùn padà, ó gbìyànjú láti wo ìdí ṣòkòtò ara ẹ̀. Ẹ̀rín gbé mi, mo di ẹnu mi mú, ó ti bọ́. Nígbà tó yá, òun náà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó kọ orúkọ Màmá sí i lókè, ó kọ tèmi sí ìsàlẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì padà sẹ́nu iṣẹ́, kí Màmá sì jọ̀wọ́ má dán nǹkan mìíì wò lára mọ́tò òun.

Oṣù mẹ́wàá la tún fi ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn náà. Mo máa ń gbé oúnjẹ mi wá sínú yàrá gáwá. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n tán, àmọ́ mo ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n, ìyá mi mọ ohùn ẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn ń le sí i. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá fúnra ẹ̀, ó ní kó máa bọ̀ nílé òun.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó nu gbogbo mọ́tò tó wà nílẹ̀, ó fọ tówẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sá wọn. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ó dáa, Ẹlẹ́jọ́. Mò ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Mo ti ka irú ẹ̀ mẹ́tàléláàádọ́ta rí.

Mo ní, "Ẹ má sọ ààbọ̀ fún mi, Màmá. Ẹ sọ odidi."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bó ṣe máa ń kan ìjókòó. Ó ní, "Mi ò ní padà wá. Àyà mi ò gbà á mọ́. Ìwọ ni kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Mo ní, "Mò ń bọ̀, Màmá."

Ó wò mí. Ó ní, "Ààbọ̀ ni, àbí odidi?"

Mo ní odidi ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì, mo mú ìyá mi dání, mo sì lọ.